Ọ̀nà Òfurufú láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù

Bí ènìyàn bá mú àwòrán ayé tí a mọ róbótó bí ọsàn, tí ó sì na okùn tín-ín-rín kan láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù lórí rẹ̀, yóò rí i pé okùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ àríwá gan-an. Yóò gba orí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ilẹ̀ Nìjẹ̀ kọjá, yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà já ní ilẹ̀ Màlì àti Algeria, yóò fo òkun Mẹditaréníà, yóò sì gba Spéènì àti Faransé kí ó tó dé etí odò Thames. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 5,000, èyí tí í ṣe bí ibùsọ̀ 3,100. Iye yìí kò ṣòro láti há sórí, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé ni. Nítorí pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ìlà kan náà láti àríwá dé gúúsù, aago wọn kì í ju wákàtí kan síra lọ ní ìgbà òtútù, nígbà tí ó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọọgba ni wọ́n ń lù. Arìnrìn-àjò tí ó bá ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ nítorí òtútù, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ kì í yẹ̀ lójú.

Bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò wí. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tí ó lè tọ okùn yìí. Omi ni àwọn èrò ń gbà, omi kò sì lọ tààrà. Ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní Èkó ní láti kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó yí ikùn ńlá ilẹ̀ Áfíríkà ká, kí ó tó lè yíjú sí àríwá. Ó ju 7,000 kìlómítà lọ kí ó tó dé Liverpool. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, tí ó sì dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Èkó àti Abẹ́òkúta ni wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹni tí wọ́n ti mú lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà èwe rẹ̀ ni ó ń fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lórí ìwé ní ààfin ọba Òyìnbó. Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1852, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí Macgregor Laird dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ elérò ooru kó lẹ́tà lọ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti ìgbà náà ni ọ̀nà omi sì ti ní àkókò tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà kíákíá, kí ara tó lè gbà á. Wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní 1886. Ohun tí èyí lè fà hàn kedere ní 1920, nígbà tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, bá ti ọkọ̀ omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, tí Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kòó Eshugbayi wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ nípa ipò Ẹlẹ́kòó di ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn náà ṣáájú wọn dé ilé, kí ọdún náà sì tó parí, ìjọba ti sọ pé àwọn kò ka Eshugbayi sí mọ́. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba dá ẹjọ́ náà fún Olúwa ní 1921. Ènìyàn kò lè ṣàìrò ó pé bí ó bá ṣe pé ọjọ́ kan péré ni Macaulay fi jìnnà sí ilé ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ìbá má gbóná tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó débẹ̀ láti tú u.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1925 ni àwọn ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ti ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, tí Arthur Coningham ṣe olórí wọn, ti Íjíbítì fò wá bà sí Kánò. Ó yẹ kí á kíyè sí i pé láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti wá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Imperial Airways fi oṣù kejì 1936 bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú kó lẹ́tà wá sí Nàìjíríà, ọ̀nà ìlà-oòrùn yìí kan náà ni wọ́n gbà. Lẹ́tà tí ó bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù yóò la Yúróòpù kọjá, yóò dé Íjíbítì, yóò tọ odò Náílì lọ sí gúúsù dé Khartoum. Ibẹ̀ ni yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀, tí ọkọ̀ kékeré yóò sì máa gbé e bọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn láti ibùdó dé ibùdó: El Fasher, El Geneina, Fort Lamy, Maidúgùrì, Kánò. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n fa ọ̀nà náà dé Èkó. Bí ènìyàn bá wọn ìlà tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù dé Khartoum, ó tó 4,900 kìlómítà. Láti Khartoum dé Èkó tó 3,300. Èyí já sí 8,200 ó kéré tán, láìka àwọn kọ́nà tí ó wà láàárín. Ẹni tí ó fò lókè bí ẹyẹ rìn ju ẹni tí ó gba omi lọ!

Ìdí méjì ni ó fa yíyípo yìí. Èkínní ni pé ọkọ̀ òfurufú ìgbà náà kò lè gbé epo púpọ̀. Ó ní láti máa bà kí ó máa mu epo bí ẹṣin ti ń mu omi. Èkejì, èyí tí ó wúwo jù, ni pé ilẹ̀ tí okùn tààrà gbà kọjá kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ni ó ni Algeria, òun ni ó ni Nìjẹ̀ àti Dàhòmì. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ọ̀nà òfurufú òun máa gba orí ilẹ̀ tí òun ń ṣàkóso ní gbogbo ibi tí ó bá ti ṣeé ṣe, láti Íjíbítì dé Sudan dé Nàìjíríà, ìgbà tí kò bá sì rí ọ̀nà gbé e gbà ni ó máa ń tọrọ àyè. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láì fara kan ara wọn. Òótọ́ ni fún ẹyẹ. Ojú ọ̀run ti ènìyàn ti ní ààlà láti ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú ti lè kọjá odò.

Aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun ìṣeré. Ọ̀gágun Laperrine, ẹni tí ó mọ Sàhárà bí ẹni mọ àgbàlá rẹ̀, kú sínú rẹ̀ ní oṣù kẹta 1920 lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú tí ó wọ̀ ṣìnà tí ó sì já lulẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1933, Bill Lancaster gbéra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fò dé Cape Town kí ó lè gba ipò ẹni tí ó yára jù. Ó dé Reggan ní Algeria, ó kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí ó tún fojú kàn án mọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ni ó kọṣẹ́. Lẹ́yìn tí ó já, ọjọ́ mẹ́jọ ni ó fi wà láàyè lábẹ́ apá ọkọ̀ rẹ̀, tí ó ń wọn omi mu, tí ó ń tan iná lóru bóyá wọn yóò rí i, tí ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé ìrántí. Ní 1962, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn ọmọ ogun Faransé tí wọ́n ń kọjá rí òkú rẹ̀ àti ìwé náà. Ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà kò jìnnà sí okùn tí a kọ́kọ́ nà láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tí wọ́n rí i, èrò ti ń sùn lórí àga wọn bí ọkọ̀ wọn ti ń fo aṣálẹ̀ náà kọjá.

Ogun ni ó yí nǹkan padà. Ní oṣù kẹfà 1940, Faransé ṣubú lọ́wọ́ Jámánì, Ítálì sì wọ ogun; òkun Mẹditaréníà di ibi ewu. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà láti Íjíbítì wá sí Kánò wá di ohun tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú. Wọ́n ń fi ọkọ̀ omi kó àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun wá sí Takoradi ní Gold Coast nínú àpótí, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kánò, Maidúgùrì, Fort Lamy àti Khartoum lọ sí Cairo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó gba ibẹ̀ kọjá kí ogun tó parí. Ọ̀nà yìí ìbá sì ti dí bí kò ṣe ti Félix Éboué. Ọmọ ènìyàn dúdú láti Guyana ti Faransé ni. Òun ni gómìnà ilẹ̀ Chad. Ní oṣù kẹjọ 1940 ó kọ̀ láti tẹ̀ lé ìjọba Vichy tí ó ti bá Jámánì rẹ́, ó sì kó ilẹ̀ rẹ̀ tọ de Gaulle lẹ́yìn. Ìtàn ogun tí àwọn Òyìnbó ń kọ kì í sábà fún ọkùnrin yìí ní àyè tí ó tọ́ sí i. Bí Fort Lamy bá ti wà lọ́wọ́ Vichy, àárín Maidúgùrì àti Sudan ìbá ti di ibi tí ọkọ̀ kò lè bà.

Àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ kánjúkánjú mú wá sí Èkó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1941, ilé iṣẹ́ BOAC, tí ó ti gba ipò Imperial Airways, ní ọkọ̀ òfurufú ńlá tí ń bà sórí omi. Wọ́n ń gbéra ní Foynes ní ilẹ̀ Ireland, wọ́n ń bà ní Lisbon àti Bathurst, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀sà Èkó. Ọ̀nà ọkọ̀ omi àtijọ́ gan-an ni wọ́n ń tọ̀, àfi pé lókè ni wọ́n wà. Ní 1936, ìlà-oòrùn ni ọ̀nà òfurufú Èkó gbà. Ní 1941, ìwọ̀-oòrùn ni. Àárín gan-an ni ẹnikẹ́ni kò tíì gbà.

Ẹ̀yìn ogun ni ó tó gba àárín. Ọkọ̀ ogun ti kọ́ àwọn aṣẹ̀rọ bí a ti ń gbé epo púpọ̀, pápá ọkọ̀ òfurufú Tripoli ní Libya sì ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí BOAC kó ọkọ̀ tuntun tí à ń pè ní Hermes sójú ọ̀nà yìí ní oṣù kẹjọ 1950, Lọ́ńdọ̀nù, Tripoli, Kánò, Èkó, Accra ni ó ń bà sí. Bí a bá ro àwọn ìlà náà pọ̀ dé Èkó, bí 5,500 kìlómítà ni. Èyí kò fi ju 500 lọ ré kọjá okùn tààrà, ní ọdún mẹ́rìnlá péré lẹ́yìn tí ìyípo náà ti ju 3,000 lọ.

Ṣùgbọ́n láti Tripoli dé Kánò, ó ju 2,300 kìlómítà lọ, aṣálẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 1952, Hermes kan tí ó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù gbéra ní Tripoli pẹ̀lú èrò mẹ́wàá àti òṣìṣẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n ṣi ẹ̀rọ tí ń júwe ọ̀nà tò. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ pé gúúsù ni wọ́n kọjú sí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lọ. Òkùnkùn aṣálẹ̀ kò ní iná ìlú tí ènìyàn fi lè mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn kò rí Kánò ni àṣìṣe náà hàn sí wọn, epo sì ti ń tán lọ. Wọ́n fi àyà ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn nítòsí Atar ní Mauritania, ibi tí ó ju 2,000 kìlómítà lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Gbogbo àwọn méjìdínlógún ni ó jáde láàyè. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí omi àti igi ọ̀pẹ déètì wà, ibẹ̀ sì ni igbákejì awakọ̀ kú sí, nítorí pé àárẹ̀ àti oòrùn ti bá agbára rẹ̀ jẹ́. Àwọn yòókù padà délé. Àṣìṣe kékeré kan tí ìka lè tún ṣe ni ó sọ kìlómítà 5,500 di ohun tí kò ní òpin fún ọkùnrin kan yẹn.

Ní ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù kẹfà 1956, ọkọ̀ Argonaut ti BOAC kan tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gbéra ní Kánò bí ìjì òjò ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ ìjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó ga. Ènìyàn méjìlélọ́gbọ̀n ni ó kú nínú márùndínláàádọ́ta. Oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, irú ọkọ̀ kan náà ni ó gbé Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Ìkẹjà, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni àwọn olóṣèlú Nàìjíríà ń lọ ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òmìnira. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe àpérò òfin ìṣàkóso ní 1953, ní 1957 àti ní 1958. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Macaulay fi wà lójú omi ní tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí lè jẹun alẹ́ ní Èkó kí wọ́n sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ kò fún ẹnikẹ́ni ní òmìnira, ìjà àwọn ènìyàn ni ó fún wọn. Síbẹ̀ ìjọba tí ó jìnnà ní ọjọ́ mẹ́tàlá àti ìjọba tí ó jìnnà ní ọjọ́ kan, ọ̀tọ̀ ni bí a ti ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jiyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rí ànfààní tiwọn. Ọkọ̀ omi *Aureol* ṣì ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ sí Liverpool, nítorí pé ó gba ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí a ń ká pọ̀ di lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé kí inú ìyá wọn tó bàjẹ́ jù.

Ta ni ó wá ni ọ̀nà náà? Ní 1946 ni wọ́n dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí Ghana gba òmìnira tí ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀, Nàìjíríà dá WAAC Nigeria sílẹ̀ ní 1958. Ní 1961 ìjọba ra ìpín àwọn yòókù, gbogbo rẹ̀ sì di ti orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀ BOAC ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá lò fún ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 1964, VC10 gbé èrò fún ìgbà àkọ́kọ́, láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Kì í ṣe èèṣì pé Èkó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kò gbé apá ọkọ̀ dáadáa, nítorí náà ọkọ̀ ní láti sáré jìnnà lórí ilẹ̀ kí ó tó lè gòkè. Irú àwọn pápá ilẹ̀ gbígbóná bẹ́ẹ̀, bíi ti Kánò, ni àwọn tí ó ṣe VC10 ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kó ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdí rẹ̀, kí apá rẹ̀ lè ráyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè dé bí kò bá yà síbì kan.

Nàìjíríà ra VC10 kan fún ara rẹ̀ ní 1969. Kò lò ó pẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ogún oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ọkọ̀ náà ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ti yà ní Róòmù àti Kánò, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkẹjà nígbà tí ó kọlu igi nínú igbó kí ó tó dé pápá. Àwọn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, kò ku ẹnì kan. Nínú gbogbo ìrìn náà, kìlómítà bí mẹ́tàlá péré ni ó kù. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ náà kò dúró. Orúkọ di Nigeria Airways ní 1971. *Aureol* fi òkun sílẹ̀ ní 1974, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ omi èrò parí láàárín Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sì ṣí ilé ńlá pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ní 1979. Ṣùgbọ́n gbèsè àti àìbójútó wọ ilé iṣẹ́ náà, ọkọ̀ rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún, ìjọba sì tì í pa ní 2003. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún tọrọ owó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún.

Okùn náà kò sì tíì dúró gbọnrangandan. Ní oṣù kẹrin 2023, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum láàárín àwọn ọmọ ogun Sudan fúnra wọn, pápá ọkọ̀ òfurufú ibẹ̀ sì dí. Ní oṣù keje, àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Nàìjíríà jẹ́ olórí wọn, ń halẹ̀ pé àwọn yóò wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ogun, àwọn ológun náà ti ojú ọ̀run ilẹ̀ wọn pa ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ. Àwọn ọkọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà láti Yúróòpù ní láti yà tàbí kí wọ́n padà. Títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gùn sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti gùn ní 1936 àti ní 1941, epo tí wọ́n ń sun sì pọ̀ sí i pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹta 2024, ọkọ̀ Air Peace, ilé iṣẹ́ aládàáni ti Nàìjíríà, gbéra ní Ìkẹjà lọ sí pápá Gatwick nítòsí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú èrò rẹ̀ àkọ́kọ́. Nìjẹ̀ ti ṣí ojú ọ̀run rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà.